Ìyá Ìbejì, ẹ má fi fọ́ọ̀mù orí àtẹ ṣe ìwé ìpíngún yín

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ ní ẹ ní ilé ní Manchester, ẹ kọ́ òmíràn sí Ìkòròdú, lọ́yà sì ti bá yín ṣe ìwé ìpíngún ti Ìkòròdú ní Èkó. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ra fọ́ọ̀mù fi ṣe ti ibí, àbí kí ẹ sanwó fún lọ́yà. Ẹ sanwó yẹn, ẹ jọ̀ọ́.

Èmi náà ra fọ́ọ̀mù rí. Mo kọ ọ́ tán lórí tábìlì oúnjẹ, inú mi ń dùn. Mo ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àbúrò mi ọkùnrin nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó wá kí wa lọ́jọ́ náà ni mo sì ní kó fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Nígbà tí lọ́yà kan bá mi wò ó, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní ká ní mo kú ni, ìwé náà á dúró, ṣùgbọ́n àbúrò mi ò ní rí tọ́rọ́ kọ́bọ̀ gbà, torí ẹlẹ́rìí àti ọkọ tàbí aya rẹ̀ ò gbọdọ̀ jẹ nínú ogún tó jẹ́rìí sí. Òfin ọdún 1837 ni o, wọ́n ṣì ń lò ó! Òfin yẹn náà ló ní kí ẹlẹ́rìí méjì jọ wà níbẹ̀, kí wọ́n máa wo yín bí ẹ ṣe ń fọwọ́ sí i. Lọ́yà yẹn tún fi ihò píìnì tí mo fi so ewé rẹ̀ pọ̀ hàn mí níbi tí mo ti tú ìwé náà láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ihò lásán yẹn tó kí wọ́n fi béèrè lọ́jọ́ iwájú bóyá ewé kan ti já kúrò.

Ti Ìkòròdú ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn fọ́ọ̀mù yìí sábà máa ń ní gbólóhùn kan níbẹ̀rẹ̀ pé ẹ fagi lé gbogbo ìwé ìpíngún tí ẹ ti ṣe sẹ́yìn. Ẹ fọwọ́ sí i ní Manchester, ó lè pa ti Èkó láìjẹ́ pé ẹ fura. Bẹ́ẹ̀, ní ti ilé àti ilẹ̀, òfin ibi tó wà ló ń darí rẹ̀. Tí ìwé Èkó bá kú, ẹbí lè gbé ọ̀rọ̀ pípín ogún nílànà ìbílẹ̀, ìdí-igi àti orí-ò-jorí, dìde, ẹ sì mọ bí ìyẹn ṣe ń rí. Lọ́yà tó mọṣẹ́ á kọ ọ́ síbẹ̀ pé dúkìá tó wà ní England àti Wales nìkan ni ìwé yìí kàn. Ẹ mú ẹ̀dà ti Èkó dání lọ bá a.

Ẹ tún mẹ́nu ba ìdána tí ẹ ṣe ní gbọ̀ngàn níbí. Tí kò bá sí rẹ́jísírà níbẹ̀, tí ẹ ò sì lọ bá a lẹ́yìn náà, Bàbá Ìbejì kì í ṣe ọkọ yín lójú òfin ibí, bó ti wù kí aṣọ ẹbí pọ̀ tó. Láìsí ìwé ìpíngún, ogún yín ò kàn án, àfi tó bá gba kóòtù lọ. Ká tiẹ̀ ní ẹ ti ṣe ti rẹ́jísírà, tí ilé sì jẹ́ tiyín nìkan, ẹrù ilé, £322,000 àkọ́kọ́ àti ìdajì ìyókù ló máa gbà. Ìdajì kejì á di ti àwọn ọmọ tí wọ́n bá pé ọdún 18. Tí ẹ bá sì lọ bá rẹ́jísírà lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe ìwé, ìgbéyàwó yẹn á pa ìwé náà rẹ́, àyàfi tí lọ́yà bá ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé Bàbá Ìbejì lẹ ń múra láti fẹ́. Fọ́ọ̀mù ò ní bi yín léèrè èyí.

Inú ìwé yìí náà lẹ ti máa yan ẹni tó máa tọ́ àwọn ìbejì tí ẹ̀yin méjèèjì ò bá sí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù ni kí ẹ kọ fún wọn o, "Táyé mi" ò tó.

Ẹnikẹ́ni ló lè gbé pátákó síta ní England pé òun ń kọ ìwé ìpíngún, torí náà ẹ wá orúkọ lọ́yà náà lórí ìkànnì Solicitors Regulation Authority, àjọ tó ń bójú tó àwọn lọ́yà, kí ẹ tó sanwó. Tí ìyá yín bá ti pé ọdún 55, ẹ bá wọn béèrè ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹwàá: àwọn lọ́yà kan máa ń ṣe ìwé tí kò lọ́jú pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà yẹn, àwọn ẹgbẹ́ àánú ló ń san án. Tí tiyín bá sì jáde, ẹ má tì í sínú Ghana-must-go lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi í sọ́dọ̀ lọ́yà, kí ẹ sọ orúkọ ọ́fíìsì rẹ̀ fún ẹni tí ẹ fi ṣe alámòójútó ogún.