Fíláàṣì wo ni kí n rà? Má rà á

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi nìkan ni mo kọ́ ara mi ní fọ́tò yíyà, láti orí fóònù títí mo fi ra kámẹ́rà. Àwọn olórin lórí ìtàgé ni mo fẹ́ máa yà, kí n sì máa fi jẹun. Ṣùgbọ́n fọ́tò mi máa ń ṣókùnkùn, á tún rí wúruwùru. Ẹnì kan tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àfi kí n ra fíláàṣì alágbára, kí n sì gba ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ òun. Fíláàṣì wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Àbúrò, má ra ìkankan. Ẹ ti di mẹ́ta tó bi mí ní ìbéèrè yìí lóṣù yìí, ó sì jọ pé ẹnu olùkọ́ kan náà ni gbogbo yín ti gbọ́ ọ. Ti ìwé-ẹ̀rí kò le: kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Fọ́tò ni wọ́n ń ní kí n mú wá. Ti fíláàṣì yìí gan-an ló ń bí mi nínú.

Wọ́n ní iná kò tó nínú gbọ̀ngàn. Irọ́ ni. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa darí iná lọ. Iná pupa, iná aró, òjìji, èéfín tí wọ́n ń tú jáde kí ìtànṣán lè hàn, wọ́n wà lára ohun tí èrò wá wò. Bí o bá tan fíláàṣì, o ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Èmi náà ṣe é rí. Lálẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà mí láàyè níwájú ìtàgé, mo tan fíláàṣì sí akọrin kan láàárín èéfín. Nígbà tí mo wo kámẹ́rà, èéfín ti bo iwájú bí aṣọ funfun, ojú ọkùnrin náà dà bí ojú ẹni tó fi ẹfun kunra, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú kirikiri. Iná aró tí mo fojú mi rí, kò sí níbẹ̀. Kí n tó gbórí sókè, ẹ̀ṣọ́ ti fọwọ́ kàn mí léjìká. Bí alẹ́ mi ṣe parí nìyẹn.

Fíláàṣì kì í sì í dé ọ̀nà jíjìn. Bí àyè tó wà láàárín ìwọ àti olórin bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ló máa kàn án lára. Ẹni tó dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn tó ń tan fíláàṣì, ìpàkọ́ èrò ló ń yà. Àwọn tó ń ṣètò eré náà kì í sábà gbà á: òfin tó wọ́pọ̀ ni pé orin mẹ́ta àkọ́kọ́ lo máa yà, láìsí fíláàṣì, kí o sì jáde. Ti eré kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì, béèrè kí o tó wọlé. Má lọ sọ pé èmi ni mo rán ọ.

Wúruwùru tí o ń wí yẹn, kámẹ́rà rẹ tó wà lórí *auto* ló fà á. Nígbà tó rí i pé ìmọ́lẹ̀ kéré, ó lajú sílẹ̀ pẹ́, olórin sì ti kúrò lójú kan kó tó pa á dé. Gba ìdarí lọ́wọ́ rẹ̀. Fi àkókò tó fi ń lajú sí ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá (onílù lè fẹ́ ìdá kan nínú 500), fi ISO, ìyẹn agbára tí kámẹ́rà fi ń mú àwòrán mọ́lẹ̀, sí 3200, kí o ṣí ojú lẹ́ǹsì gbayawu. Lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà wá sábà máa ń há sí f/5.6 tí o bá fà á jáde (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń ṣí tó). Lẹ́ǹsì 50mm kékeré tó ń ṣí dé f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí owó fíláàṣì lọ. Máa ya RAW, ìyẹn fáìlì tútù tí kámẹ́rà kò tíì sè. Fọ́tò á ní hóró-hóró lára. Jẹ́ kó ní in.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún 1979, ní gbọ̀ngàn Palladium ní New York, ayafọ́tò Pennie Smith ya Paul Simonon ti ẹgbẹ́ olórin The Clash níbi tó ti ń la gìtá báàsì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fọ́tò náà kò mú kedere, Smith fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n lò ó. Wọ́n fi ṣe iwájú àwo orin wọn, ó sì di ọ̀kan nínú fọ́tò orin tí ayé mọ̀ jù. (Mi ò ní kí o máa ya wúruwùru o.)

Ojú ni kí o kọ́. Nínú orin àkọ́kọ́, má tẹ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú kan, máa wo iná. Wà á rí i pé nígbà tí onílù bá rọ̀jò ọ̀pá sórí ìlù láti wọ ègbè, iná á yí padà. Máa dúró dè é. Bí akọrin bá fọwọ́ ọ̀tún di máìkì mú, bọ́ sí apá òsì rẹ̀, kí ọwọ́ má bo ojú. Nígbà tó bá yọ ẹnu kúrò láti mí, tẹ̀ ẹ́.

Ra ohun ìdí-etí pẹ̀lú. Mi ò kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ariwo tó bá ti tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100, ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́ ni àwọn onímọ̀ ààbò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbà fún etí tí kò ní ààbò. Èmi ò tètè mọ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, etí òsì mi ń hó.