Akẹtẹ̀ ni kí o rán fún ọ̀gbìn rẹ, má rán kóòtù

Àbúrò mi ní Sábẹ̀ (Savè), mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Faransé fi fọ́nrán ilé ọlọ́ràá tó kọ́ sẹ́yìnkùlé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, pé ìwọ náà ti ra ọ̀rá, o ti gé ọparun, o sì fẹ́ bò ó látòkè délẹ̀ kí o lè máa hu tòmátì àti ata láti orí kóró. O tún ní àwọn ọmọ tòmátì tí o kọ́kọ́ hù sínú báàfù ṣubú lulẹ̀ láàárín òru kan bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Jọ̀ọ́, má tíì kan ìṣó kankan. Ohun tí o fẹ́ ṣe yẹn ni èmi náà kọ́kọ́ ṣe, ó sì jẹ mí lówó.

Aránṣọ ni mí. Kétu ni wọ́n bí mi sí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo lọ́kọ sí, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni mo sì ń dáko sí. Ilé àkọ́kọ́ tí mo kọ́ gùn ní mítà 8, ó fẹ̀ ní mítà 4, òkè rẹ̀ kò ju mítà 2 lọ. Mo rán ọ̀rá náà pọ̀ bí ẹni rán àpò ìrọ̀rí, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni mo fi sí i, mo sì ń fi han gbogbo oníbàárà tó bá wá gba aṣọ. Ní ọjọ́ kẹta mo wọ inú rẹ̀ ní agogo kan ọ̀sán, awò ojú mi bò lẹ́sẹ̀ kan náà. Mo gbé tẹ̀mómítà kọ́ sí àárín rẹ̀, ó lọ sí 47°C. Ọmọ tòmátì tó tó 200 ti rọ̀ bẹ̀lẹ́jẹ́ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Ọkọ mi ní ṣé ọbẹ̀ ni mo ń sè níbẹ̀ ni.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba inú ọ̀rá wọlé, ó ń mú ilẹ̀ àti ewé gbóná, ooru náà kò sì rí ọ̀nà jáde. Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, ohun tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn, nítorí òtútù ló ń pa ọ̀gbìn wọn. Àwa kò wá ooru. Tòmátì pàápàá, bí ọ̀sán bá ń kọjá 35°C lójoojúmọ́, tí òru náà kò sì tutù, òdòdó rẹ̀ á yọ, á gbẹ, á já bọ́ láì so. Ohun tó ń yọ wá lẹ́nu ni ọ̀wààrà òjò tó ń lu ewé tó sì ń ta ẹrẹ̀ sí i lára, oòrùn ọ̀sán gangan, àti kòkòrò. Akẹtẹ̀ ni ọmọ ọ̀gbìn wa nílò, kì í ṣe kóòtù.

Nítorí náà, orí nìkan ni kí ọ̀rá rẹ wà. Jẹ́ kí àárín ilé ga tó mítà 3, kí ẹ̀gbẹ́ tó 2. Má jẹ́ kí abala òrùlé méjèèjì pàdé lókè: gbé ọ̀kan ga ju èkejì lọ, kí ó nà kọjá rẹ̀ díẹ̀, kí àlàfo bí ìgbọ̀nwọ́ kan wà láàárín wọn tí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gbà jáde. Kọjú àlàfo náà sí ibi tí òjò kì í sábà gbà fẹ́ wọlé lágbègbè rẹ. Ìwọ lo mọ ojú òjò ilẹ̀ yín. Àwọ̀n ni kí o fi yí ẹ̀gbẹ́ ká. Nígbà ọyẹ́, fi ẹní tàbí imọ̀ ọ̀pẹ dí apá àríwá àti ìlà-oòrùn, nítorí atẹ́gùn ọyẹ́ tiyín le ju tiwa níbí lọ, á fa omi ara ọmọ ata gbẹ kí o tó jí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ta àwọ̀n dúdú tó ń gba bí ìdajì oòrùn sókè ọ̀rá náà. Bí kò bá sí, imọ̀ ọ̀pẹ tí a tò gátagàta ń ṣe é dáadáa, kò sì náni ní kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá náà fúnra rẹ̀: ọ̀rá lásán tí wọ́n ń tà ní ọjà Ouando, oṣù márùn-ún ni tèmi lò kí ó tó máa ṣẹ́ bí àkàrà ògbó. Bèèrè èyí tí wọ́n po oògùn oòrùn mọ́; ó wọ́n, ṣùgbọ́n á fún ọ ní ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Níbi tí ọ̀rá bá ti fara kan ọparun tàbí irin, ibẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ ya, nítorí irin ń gbóná ní ọ̀sán, ó ń jó o. Àjákù àǹkárá ni mo fi ń wé gbogbo ibẹ̀. (Bí o bá mọ aránṣọ kan nítòsí, bẹ̀ ẹ́ kó má da àjákù rẹ̀ nù.) Ẹsẹ̀ ọparun tó bá wọlẹ̀, fi iná jó o títí ara rẹ̀ á fi dúdú kí o tó rì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ikán á gbé ilé náà mì.

Àwọ̀n náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kòkòrò funfun wẹ́wẹ́ tó máa ń fò tùù bí a bá gbọn ewé tòmátì, òun ló ń gbé àrùn tó ń mú ewé ká jọ tó sì ń sọ ọ́ di yẹ́lò. Ihò àwọ̀n ẹ̀fọn tóbi jù fún un, á wọlé bí ẹni wọ ilé bàbá rẹ̀. Má tilẹ̀ lo àwọ̀n ẹ̀fọn tí ìjọba pín fún ilé. Orí ibùsùn ọmọ ni ipò yẹn. Àwọ̀n tó ní ihò bí 50 nínú íǹṣì kan ni ó lè dá kòkòrò yìí dúró. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ihò tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ń dá atẹ́gùn náà dúró, ooru á sì padà wá. Mo gbìyànjú láti fi bo gbogbo ilé, mo kábàámọ̀. Àpótí kékeré kan, mítà 2 sí mítà 1, ni mo wá rán àwọ̀n náà fún, bí àpótí ẹran, inú rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ọ̀gbìn ń gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. Bí àrùn náà kò bá bá tòmátì ní kékeré, á ṣì so kó tó rẹ̀ ẹ́. Okùn náílọ́ọ̀nù ni kí o fi rán an. Òwú á jẹrà láàárín ìgbà òjò kan.

Ó kan àwọn ọmọ tòmátì rẹ tó ṣubú. Ṣé báàfù yẹn ní ihò nídìí? Mo fẹ́ fi ọwọ́ sọ̀yà pé kò ní. Wò wọ́n dáadáa: bí ìdí igi náà bá tín-ín-rín bí okùn níbi tó ti yọ nínú ilẹ̀, tó sì dúdú tàbí tó rọ̀, a jẹ́ pé irú ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ló jẹ ẹ́. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ilẹ̀ tó bá rin gbingbin, tí kò rí afẹ́fẹ́, tí ọmọ ọ̀gbìn sì fún pọ̀ nínú rẹ̀ ló ti ń lágbára. Kò sí oògùn tó ń jí èyí tó ti ṣubú dìde. Da ilẹ̀ yẹn nù síbi tó jìnnà, má tún hu nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ní Kétu, ìyá mi kì í hu kóró ata sí ilẹ̀ tútù. Á kó ẹ̀ka igi gbígbẹ jọ síbi tó fẹ́ lò, á jó wọn níbẹ̀, á dúró kí ilẹ̀ tutù, á tú u, kó tó fọ́n kóró sí i. Nígbà èwe mi mo rò pé ètùtù ni. Iná náà ń pa ohun tó ń jẹ ìdí ọmọ ọ̀gbìn, ó sì ń pa kóró koríko. Nísinsìnyí mo ń po ilẹ̀dú ìwọ̀n méjì mọ́ yanrìn odò ìwọ̀n kan àti èèpo ìrẹsì tí mo ti jó dúdú, ìwọ̀n kan, mo ń bu omi híhó lé e, mo ń jẹ́ kó sun ọjọ́ kan kí n tó lò ó. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Á jó gbòǹgbò. Bí o bá wá sí Àjàṣẹ́, yà ní Songhaï, oko ẹ̀kọ́ tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, kí o wo bí wọ́n ti ń fi ẹran, ẹja àti ọ̀gbìn bọ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni mo ti gbà pé ìgbẹ́ kì í ṣe ajílẹ̀ títí di ìgbà tó bá ti jẹrà tí kò sì rùn mọ́.

Kóró tòmátì, má rì í jìn ju ìlọ́po mẹ́ta sísanra rẹ̀ lọ. Ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá ló fi ń yọ. Ata máa ń ṣe ìmẹ́lẹ́, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì, má tú ilẹ̀ wò. Tẹ̀tẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí o ní láti po ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí o tó fọ́n ọn. Àárọ̀ ni kí o máa bomi rin wọ́n, kí ojú ilẹ̀ gbẹ kí alẹ́ tó lẹ́. Bí o kò bá dá kóró kan lójú, ka mẹ́wàá sínú aṣọ tútù, ká a, fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí márùn-ún kò bá hù, má fi àkókò rẹ ṣòfò. Má sì mú kóró láti inú tòmátì olówó ńlá tí wọ́n kọ F1 sí lára páálí rẹ̀, ìyẹn ọmọ àkọ́kọ́ láti inú irú méjì tí wọ́n mú gun ara wọn. Mo ṣe é. Àwọn ọmọ tó jáde dà bí ọmọ ilé olórogún, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, ọ̀kan so wóróworo, kò sí èyí tó jọ ìyá rẹ̀. Tòmátì ilẹ̀ wa ni kí o máa tọ́jú kóró rẹ̀: fún un sínú ife, jẹ́ kó kan fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, fọ̀ ọ́, sá a sórí àwo.

Tòmátì tó bá ti ní ewé gidi mẹ́rin sí márùn-ún ti tó ṣí lọ. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó lọ, gbé e síta díẹ̀díẹ̀, dín omi rẹ̀ kù. Ọmọ tó dàgbà lábẹ́ ibòòji, oòrùn Sábẹ̀ á bó o lára.

Nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi, tó sì dùn mí jù, ni èyí. Ilé ọ̀gbìn kì í ṣí kúrò lójú kan. Àwọn bàbá wa ń fi oko sílẹ̀ kó di igbó kó lè sinmi. Ìwọ, ilẹ̀ kan náà lábẹ́ òrùlé kan náà ni wàá máa lò. Mo gbin tòmátì, mo gbin ata tẹ̀lé e, mo gbin gbọmà (ẹ̀fọ́ ìgbá) tẹ̀lé ìyẹn, mo rò pé mo ń pààrọ̀ ọ̀gbìn. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, ohun tó ń pa ọ̀kan ló ń pa èkejì. Ní ọdún kẹta, tòmátì mi tó ti ń so rọ lọ́sàn-án bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo bomi rin ín títí. Nígbà tó fi di ọjọ́ karùn-ún, ìlà méjì ti kú. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, gé igi rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, fi ojú ibi tí o gé sínú ife omi tó mọ́, má mì í. Bí ohun funfun bí omi ògì bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú rẹ̀ bí okùn, bakitéríà ni, ó ti wà nínú ilẹ̀ rẹ. Hú gbogbo rẹ̀ tòun ti gbòǹgbò, jó o, má jù ú sórí ààtàn ajílẹ̀. Fọ ọkọ́ àti bàtà rẹ kí o tó wọ ibòmíràn. Láti ìgbà náà, inú àpò ìrẹsì tí mo kún fún ilẹ̀ tuntun ni mo ń gbin tòmátì sí nínú ilé yẹn. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti àgbàdo ni mo ń fún.

Omi kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kànga mi súnmọ́ ọ̀sà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń níyọ̀, ojú ilẹ̀ á funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i. Ọmọ Kétu ni mí, a kì í jẹ́ kí omi òjò lọ lásán: lórí òrùlé mítà 8 sí 4 yẹn, òjò tó bá tó mìlímítà 10 ń fún mi ní nǹkan bíi lítà 320. Fi kọ̀tà gbà á sínú àgbá, dé e nítorí ẹ̀fọn. Bídọ́ọ̀ (kẹ́ẹ̀gì) tí wọ́n ti fi gbé kpayo, epo bẹntiróòlù ẹ̀bá títì, rí, bó ti wù kí o fọ̀ ọ́ tó, má fi bomi rin ẹ̀fọ́ jíjẹ.

Bí o bá ti fi àwọ̀n yí ilé ká, máa gbọn igi tòmátì tó yọ òdòdó láàárọ̀, ìka méjì ti tó, nítorí atẹ́gùn àti kòkòrò tó yẹ kó bá ọ ṣe é kò rọ́nà wọlé dáadáa.

Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kò nílò ilé rárá, má fi àyè rẹ ṣòfò lórí wọn àfi bí ilẹ̀ bá ń sinmi. Ọ̀rá tí o ti rà, gé ti òrùlé nínú rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù, má tà á. Tí òjò bá ti dá pátápátá, bomi rin ilẹ̀ tí o fẹ́ lò dáadáa, tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, fi ọ̀rá náà bò ó mọ́lẹ̀ gírígírí, fi erùpẹ̀ tẹ etí rẹ̀ yíká, kí o fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú oòrùn Sábẹ̀. Ooru tó pa tòmátì mi lọ́jọ́sí, jẹ́ kó bá ọ pa aràn wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ tó ń jẹ gbòǹgbò.