Okùn ni kẹ́ ẹ fi yan ríìlì, kì í ṣe ẹja

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní okùn pọ́n-ùn 6 sí 8 (ìwọ̀n tó lè gbé kó tó já) lẹ fẹ́ máa fi pẹja bass ní Lake Lanier níbí ní Georgia, ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ ra ríìlì (ẹ̀rọ tó ń ká okùn lára ọ̀pá ìpẹja) nọ́ńbà 1000 torí pé okùn náà tín-ín-rín, àbí 4000 torí pé ẹja náà lágbára. Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀. 2500 ni kẹ́ ẹ mú. Bó bá jẹ́ C3000 ti iléeṣẹ́ Shimano lẹ rí, ẹ mú un, ara 2500 kan náà ni, spool rẹ̀, ìyẹn ibi tí okùn ń wé mọ́, ló kàn gba okùn díẹ̀ sí i.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ẹja ṣe tóbi tó ni nọ́ńbà ara ríìlì ń sọ. Bass tó wọn pọ́n-ùn 3 tàbí 4 kò tó ohun tó ń ba ríìlì jẹ́. 1000 tó bá dáa máa fà á wọ ọkọ̀ wẹ́rẹ́. Spool ni wàhálà 1000. Ó kéré, òrùka kéékèèké ni okùn ń ká mọ́ ọn lára, fluorocarbon, irú okùn ike kan tó le díẹ̀, ò sì ní gbàgbé bí wọ́n ṣe ká a. Ẹ jẹ́ kó sùn lórí spool kékeré yẹn mọ́jú nínú òtútù oṣù Kìíní, tẹ́ ẹ bá máa jù ú láàárọ̀, wúruwùru ló máa jáde bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.

Kì í sì í ṣe pé ó máa lọ́ pọ̀ nìkan ló burú níbẹ̀. Ní Lanier, omi mọ́ gaara, spotted bass (irú bass kan) ibẹ̀ sì máa ń wà nísàlẹ̀, lórí igi tí àwọn èèyàn rì sínú omi, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 25 sí 30. Drop shot la fi ń wá wọn: òjé wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìwọ̀ wà lókè rẹ̀ díẹ̀. Ẹja yẹn kì í já ìdẹ gbà. Ńṣe ló máa fi ẹnu mú un jẹ́ẹ́, tí okùn á kàn wúwo díẹ̀ sí i. Bí okùn bá ti ká gbírígbírí láti ojú omi dé ìsàlẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ rárá. Òun á ti tutọ́ ìdẹ dànù kẹ́ ẹ tó gbé ọ̀pá sókè. Ìgbà tí mo kúrò lórí spool kékeré ni mo tó mọ iye ẹja tó ti ń fọwọ́ kan ìdẹ mi láìjẹ́ kí n gbọ́.

Ti 4000 yàtọ̀. Òrùka okùn rẹ̀ fẹ̀, kò ní ṣe yín ní tìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú òrùka àkọ́kọ́ tí okùn ń gbà kọjá lára ọ̀pá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ máa lò kéré, okùn á máa gbá a bó ṣe ń jáde, ìdẹ ò sì ní lọ jìnnà. Ó tún wúwo. Bó bá di ọ̀sán, ọrùn ọwọ́ á sọ fún yín.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn o, torí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún ara rẹ̀ ní tirẹ̀. 2500 Daiwa àtijọ́ tóbi ju 2500 Shimano lọ dáadáa. Láti 2018 tí Daiwa ti gbé ríìlì tí wọ́n ń pè ní LT jáde ni wọ́n ti sún mọ́ra. Ní ti ríìlì Pflueger President, 30 ló wà ní ìtòsí 2500 Shimano. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára spool: èyí tó gba nǹkan bí yáàdì 140 okùn pọ́n-ùn 8 lẹ ń wá. Ẹ gbé e lọ́wọ́ náà, áúnsì 7 sí 9 ni kó wọn.

Àwọn tó ń tà á á tún fi drag (bíréèkì tó ń jẹ́ kí okùn jáde bí ẹja bá fà á gan-an) pọ́n-ùn 20 polówó fún yín. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Okùn pọ́n-ùn 6, drag rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju pọ́n-ùn kan ààbọ̀ sí 2 lọ. Ohun tí mo máa ń wò ni bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú drag náà díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ rọra fa spool. Bó bá kọ́kọ́ há kó tó yí, ẹ dá a padà sórí káńtà, torí ibi tó há yẹn ni okùn tín-ín-rín ti ń já.

Bó bá jẹ́ braid (okùn tí wọ́n hun) pọ́n-ùn 10 lẹ máa wé, tẹ́ ẹ so fluorocarbon mọ́ iwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀. Braid kì í ká gbírígbírí, nítorí náà 2000 tí spool rẹ̀ ò jìn náà máa ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ wé náílọ́ọ̀nù díẹ̀ sísàlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo braid náà á máa yọ̀ yípo lórí spool, ẹ ó sì rò pé drag ló bàjẹ́. Irú okùn yòówù kó jẹ́, ẹ má kún un dé etí, ẹ fi nǹkan bíi mìlímítà 3 sílẹ̀. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ sì máa fi pa bail (wáyà tó ń darí okùn sórí spool) dé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ju ìdẹ, ẹ má fi yíyí ríìlì pa á dé.

Ọ̀pá tẹ́ ẹ bèèrè: ẹsẹ̀ bàtà 7, medium-light (èyí tó rọ̀ díẹ̀, tí kò le jù). Ẹ gbé ríìlì dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ dè é mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó sanwó. Largemouth, irú bass mìíràn, tó ń sá pamọ́ sábẹ́ èbúté ọkọ̀, ẹ má fi èyí lọ bá a. Ìyẹn ń fẹ́ okùn tó nípọn.