Ṣé ewúro tó ohun tí a ń pa oògùn àtọ̀gbẹ tì fún?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Ìyá mi ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì ń lo oògùn tí dókítà kọ fún wọn. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ní àwọn dán ewúro wò ní yàrá àyẹ̀wò, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣé kí wọ́n máa mu àgbo ewúro nìkan?
Ìyá Bọ́lá, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Ìyá Bọ́lá, mo bẹ̀ yín, kí Màmá má pa oògùn wọn tì. Ọmọ yẹn kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó rí gan-an.

Èròjà kan wà nínú itọ́ àti ìfun wa tí à ń pè ní amylase, òun ni ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àmàlà tí a jẹ di ṣúgà. Ìdí nìyẹn tí iṣu sísè fi máa ń dùn díẹ̀díẹ̀ bí a bá rún un pẹ́ lẹ́nu. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọn a po sítáàṣì, amylase àti omi ewé pọ̀ nínú ìgò, wọn a ní sùúrù díẹ̀, wọn a wá kán áyódínì sí i. Bí ó bá dúdú bí aró, sítáàṣì ṣì wà níbẹ̀, ewé ti dí amylase lọ́wọ́.

Ní ti agbára ewé láti gba ara lọ́wọ́ àwọn èròjà tí ń ba ẹran ara jẹ́, DPPH ni wọ́n sábà ń lò: omi elésè àlùkò ni, bí ewé náà bá sì lágbára, yóò di àwọ̀ ìyeyè. Ó dùn ún wò púpọ̀.

Ṣùgbọ́n inú ìgò ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀. Ewúro tí Màmá bá mu yóò gba ikùn àti ẹ̀dọ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọtí bíi methanol ni wọ́n sábà fi ń fa oje ewé jáde níbẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé omi lásán ni ẹ̀yin fi ń fọ tiyín. Ẹ bi ọmọ náà bóyá wọ́n tíì dán an wò lára eku funfun, kí ẹ tún bi í nípa ènìyàn. Èmi kò kẹ́gàn ewé o: metformin fúnra rẹ̀, tí í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ, ara ewéko Yúróòpù kan, Galega officinalis, ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n a mọ ìwọ̀n tí ó wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan.

Bí Màmá bá ti ń mu ewúro mọ́ oògùn, kí dókítà wọn gbọ́, nítorí àwọn méjèèjì lè jọ fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù. Bí òógùn bá bò wọ́n, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sì ka iye tí kò tó 70 mg/dL, ẹ tètè fún wọn ní omi ṣúgà mu, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.