Orúkọ àwọn ọmọ ni kí o fi pẹjọ́

Àbúrò mi, o ní ọkọ rẹ kò tíì pé oṣù mẹ́ta nínú ilẹ̀ tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ní kí o jáde nínú oko kòkó tí ẹ jọ dá, pé ìyàwó kì í jogún. O wá ń béèrè bóyá òfin wà tó lè gbè ọ́. Ó wà, ṣùgbọ́n ibi tí o fojú sí kọ́ ló wà. Èmi náà ṣe opó lábúlé kan nítòsí Ìdànrè, mo sì kọ́kọ́ ṣìnà.

Ọjọ́ kẹjọ tí ọkọ mi kú, àbúrò rẹ̀ tí mo ń pè ní ọkọ mi látọjọ́ tí mo ti wọlé wọn gbé bébà kan àti páàdì íǹkì wá bá mi lórí ẹní. Ó ní kí n tẹ̀ka, kí wọ́n lè gba owó tó kù lọ́wọ́ ẹni tó ń ra kòkó wa, ká fi san gbèsè ìsìnkú. Ojú mi ti wú fún ẹkún, mi ò bi í ní nǹkan kan. Íǹkì náà ṣì wà ní àtàǹpàkò mi nígbà tí mo ń fọ abọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìwé yẹn ni wọ́n fi ta éékà méjì létí odò, mi ò rí i gbà padà títí dòní. Má tẹ̀ka sí ohunkóhun, ẹni yòówù kó gbé e wá.

Nígbà tí mo dé kóòtù ìbílẹ̀, mo ní oko mi ni. Wọ́n bi mí bóyá mo jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ilé yẹn. Ní àṣà wa, ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀, àwọn adájọ́ àgbà sì ti fọwọ́ sí i lọ́dún 1957 nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu pé ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ó dùn mí wọ egungun. Mo mẹ́nu ba ẹjọ́ ọdún 2014, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní àṣà tó ń fi ogún du ọmọbìnrin àti opó nílẹ̀ Ìgbò kò bófin mu. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe àṣà tiwa. Ọdún kan gbáko ni mo fi ṣòfò báyẹn.

Lọ́yà Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní ṣẹjọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ló là mí lójú: àṣà tó ní n kò lè jogún, òun náà ló ní àwọn àbúrò ọkọ mi kò lè jogún. Ohun tí ọkùnrin bá fọwọ́ ara rẹ̀ ní, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni ín, lọ́kùnrin lóbìnrin. Orúkọ ọmọbìnrin mi àgbà, ọmọ ọdún 19, la wá fi pẹjọ́. Ìwé ìkọ̀wé tó fi ń bá mi kọ owó àwọn lébírà sílẹ̀ wà lára ẹ̀rí tí a kó kalẹ̀. Ìyókù oko náà ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi báyìí.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ni ọkọ rẹ dá oko sí, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Bí ẹ bá sì ṣègbéyàwó ní rẹ́jísírì, òfin ọ̀tọ̀ ni yóò pín in, ìdá kan nínú mẹ́ta á sì tọ́ sí ìwọ fúnra rẹ. Ìdána nìkan ni èmi ṣe.

Wá àwọn tó bá yín pààlà lọ lọ́la. Bi wọ́n bóyá wọ́n lè jẹ́rìí pé ọkọ rẹ fúnra rẹ̀ ló ra ilẹ̀ náà, kí ẹlòmíràn tó dé ọ̀dọ̀ wọn.