Ẹ Bi Wá: Àwọn Nímfù Ilẹ̀ Gíríìsì, Ibi Tí Wọ́n Ń Gbé àti Ohun Tí Wọ́n Ń Gbà

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa Zeus àti àwọn òrìṣà orí òkè Olympus, ìbéèrè tó ń wọlé jù ni ti àwọn nímfù, àwọn ọmọbìnrin inú omi, inú igbó àti orí òkè tí ìtàn àtijọ́ Gíríìsì kún fún. A ti pa àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀.

Ṣé òrìṣà ni nímfù àbí iwin? Ṣé wọ́n máa ń kú? (Olùkà kan, Abẹ́òkúta)

Àárín méjèèjì ni wọ́n wà, ẹnu àwọn Gíríìkì fúnra wọn ò sì kò lórí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé 20 nínú Iliad, ewì ogun Troy tí Homer kọ, Zeus pe ìpàdé àwọn òrìṣà. Gbogbo odò ló wá àyàfi Okeanos, kò sì sí nímfù kan tó gbẹ́yìn nílé. Ẹ ò ní pe ẹni tí kò jámọ́ nǹkan sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀.

Orin ìyìn Aphrodite, òrìṣà ìfẹ́, tí wọ́n kà mọ́ ti Homer, ló sọ ọ̀rọ̀ ikú wọn síta jù. Aphrodite ní àwọn nímfù òkè Ida ni yóò bá òun tọ́ Aeneas ọmọ òun. Wọn kì í ṣe èèyàn, wọn kì í sì í ṣe ẹni tí kò lè kú. Ẹ̀mí wọn gùn, oúnjẹ àwọn òrìṣà ni wọ́n ń jẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá bí wọn ni igi páìnì tàbí igi óákù máa ń hù lórí òkè pẹ̀lú wọn, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi irin kàn án. Bí àsìkò bá tó, igi náà á gbẹ lórí ìdúró, èèpo rẹ̀ á rà, ẹ̀ka rẹ̀ á wó. Ìgbà yẹn ni ẹ̀mí igi àti ti nímfù á jọ kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn.

Hesiod tilẹ̀ ṣírò rẹ̀, nínú ẹsẹ ewì kan tí Plutarch bá wa tọ́jú. Kannakánná a máa lo ìran èèyàn 9, àgbọ̀nrín lo ti kannakánná 4, ìwò lo ti àgbọ̀nrín 3, ẹyẹ phoenix lo ti ìwò 9, nímfù sì lo ti phoenix 10. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ìran 9,720 ni ẹ máa rí. Kí ẹ tó wá sọ ọ́ di ọdún, ẹ mọ̀ pé inú ìwé Plutarch yẹn náà ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀: àwọn kan ní ọdún 30 ni ìran kan, àwọn kan ní ọdún kan péré ni.

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí àwọn òrìṣà ńlá, lójú tiwa, ni pé nímfù ní àdírẹ́sì. Demeter ló ni ọkà níbi gbogbo tí ọkà bá ti ń hù, Artemis ló ni ẹranko igbó láti òkè dé òkè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Arethusa, ìsun omi kan ṣoṣo lẹ ń sọ, èyí tó wà létí òkun ní Ortygia, erékùṣù tí ìlú Syracuse ti bẹ̀rẹ̀ ní Sicily. Ìsun náà ṣì wà níbẹ̀ dòní, papyrus ń hù nínú rẹ̀. Orí Arethusa ni wọ́n tẹ̀ sára owó fàdákà Syracuse láyé àtijọ́, pẹ̀lú ẹja dolphin tó yí i ká.

Ìwé kan ní ẹ̀yà nímfù jẹ́ mẹ́fà, òmíràn ní mẹ́wàá. Èwo ni kí n kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi? (Olùkọ́ kan, Ìlọrin)

Ẹ má kọ́ wọn ní iye kankan. Kò sí ẹni tó jókòó pín wọn sí ẹ̀yà nígbà yẹn. Ibi tí wọ́n ń gbé ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Naiad ni ti ìsun àti odò, Oread ti òkè, Dryad ti igi. Hamadryad ni èyí tí ẹ̀mí rẹ̀ so mọ́ igi kan pàtó, ṣùgbọ́n àwọn akéwì kì í fìgbà gbogbo yà á sọ́tọ̀ sí Dryad, nítorí náà ẹ má fi gé máàkì ọmọ.

Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń ṣì í gan-an ni Nereid àti Oceanid. Àwọn Nereid jẹ́ 50, Nereus ni bàbá wọn, Doris ni ìyá wọn, inú òkun ni wọ́n ń gbé. Àwọn Oceanid jẹ́ 3,000 lọ́wọ́ Hesiod, ọmọ Okeanos àti Tethys ni wọ́n. Okeanos yìí kì í ṣe òkun rárá, odò ńlá tó yí ayé ká ni. Doris fúnra rẹ̀ wà lára àwọn Oceanid. Ìyẹn ni pé Tethys ni ìyá ìyá Thetis, Nereid tó bí Achilles jagunjagun, bẹ́ẹ̀ orúkọ ìyá àgbà àti ti ọmọ-ọmọ jọra gan-an. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó.

Àwọn Meliai, ti igi ash, kò ní bàbá àti ìyá bí àwọn yòókù. Nígbà tí Kronos fi dòjé gé nǹkan ọkùnrin Ouranos bàbá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó kán sílẹ̀ ni Ilẹ̀ fi lóyún wọn, pa pọ̀ mọ́ àwọn Òmìrán àti àwọn Erinys tó ń gbẹ̀san. Igi ash ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀kọ̀; òun náà ni wọ́n fi ṣe ọ̀kọ̀ Achilles, tí wọ́n gé lórí òkè Pelion.

Bí ààyè bá ṣì kù, ẹ sọ̀rọ̀ Styx fún wọn, ó máa ń dùn mọ́ ọmọdé. Òun ló gbayì jù nínú gbogbo àwọn Oceanid, omi rẹ̀ sì ni àwọn òrìṣà fi ń búra. Òrìṣà tó bá búra èké á dùbúlẹ̀ ọdún kan gbáko láìmí, láìjẹ, láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ọdún 9 kò ní bá wọn dé ìpàdé tàbí ibi àsè. Ọdún kẹwàá ni wọ́n á tó gbà á padà.

A ń ṣe eré orí ìtàgé kan. Darandaran kan nítòsí Áténì lọ bẹ àwọn nímfù nínú ihò àpáta. Kí ló máa gbé lọ́wọ́, kí ló sì máa ṣe? (Ẹgbẹ́ eléré kan, Òṣogbo)

Ẹ má gbé màlúù wọ orí ìtàgé. Ẹbọ tálákà ni ti nímfù: wàrà, oyin, òróró ólífì, òdòdó, ère amọ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nínú ewì Theocritus, darandaran kan ṣèlérí abọ́ ńlá wàrà funfun kan fún wọn, àti abọ́ òróró kan sí i. Tó bá jẹ́ pé ẹran ni darandaran yín máa pa, ọ̀dọ́ àgùntàn tàbí ewúrẹ́ kan tó. Ẹ sì ṣọ́ra fún wáìnì. Áténì kà wọ́n mọ́ àwọn tí wọn kì í ta wáìnì sílẹ̀ fún. Omi tí wọ́n fi oyin pò, tàbí wàrà, ni kí ó wà nínú ìgò rẹ̀. Aṣiṣe tí òṣèré máa ń ṣe jù nìyí, torí gbogbo ẹbọ Gíríìkì tí wọ́n ń rí nínú fíìmù ni wáìnì ti ń ṣàn.

Kó kọ́kọ́ dúró létí omi. Hesiod kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ẹsẹ̀ la odò kọjá láìjẹ́ pé ó wo ojú omi náà, kó gbàdúrà, kó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú rẹ̀. Ó tún kìlọ̀ pé kí wọ́n má tọ̀ sínú ìsun. Lẹ́yìn náà kó wọlé, kó gbé ohun tó mú wá sórí òkúta tàbí sínú kòtò kékeré tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri ihò, kó pe àwọn nímfù àti Hermes, òrìṣà àwọn darandaran, papọ̀, kó ta omi oyin rẹ̀ sílẹ̀. Pípè tí wọ́n pe Hermes mọ́ wọn kì í ṣe àṣejù: nínú ìwé 14 Odyssey, ewì Homer nípa ìrìn àjò Odysseus padà sílé, Eumaeus tó ń tọ́jú ẹlẹ́dẹ̀ pín ẹran tó sè sí ọ̀nà 7, ó yọ ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn nímfù àti Hermes pẹ̀lú àdúrà, kó tó pín ìyókù fún àwọn tó jókòó.

Tó bá jẹ́ pé inú ihò ni ẹ ti máa pa ẹran, òfin wà. Nínú ihò àpáta Vari, ní gúúsù Áténì, wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta pé kí olúkúlùkù fọ ìfun ẹran níta, kó sì kó ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò. Ẹ̀rín wà nínú ìyẹn fún òǹwòran, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Fún aṣọ àti ètò ìrìn, pátákó Pitsa ni kí ẹ wò. Lọ́dún 1934 ni wọ́n rí pátákó igi mẹ́rin tí wọ́n kùn lọ́dà nínú ihò kan ní agbègbè Kọ́ríńtì, wọ́n sì ti pẹ́ tó 540 sí 530 ṣáájú ìbí Kristi. Musíọ̀mù ńlá Áténì ló ń tọ́jú wọn. Nínú èyí tó pé jù, obìnrin kan ru àwo sórí níwájú pẹpẹ, ó ń ta nǹkan sílẹ̀; ọmọdé kan fa ọ̀dọ́ àgùntàn tẹ̀ lé e; àwọn ọmọdé kan ń ta lyre, ohun èlò orin olókùn, wọ́n ń fọn fèrè olórí méjì; àwọn obìnrin gbé ẹ̀ka ewé dání. Orúkọ àwọn nímfù tí wọ́n bọ wà níbẹ̀, kedere.

Ohun àmúlò tó rọrùn jù fún yín ni eegun kókósẹ̀ ewúrẹ́ tàbí ti àgùntàn. Nínú ihò Korykion lórí òkè Parnassus, lókè Delphi, ó lé ní 20,000 irú eegun bẹ́ẹ̀ tí wọ́n hú jáde. Ojú mẹ́rin ló ní, wọ́n kà wọ́n sí 1, 3, 4 àti 6, wọ́n ń fi ta ayò, wọ́n sì ń fi wádìí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òrìṣà. Alápatà ọjà yín á fún yín lẹ́kún àpò.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹni tó máa kun aṣọ ẹ̀yìn ìtàgé. Àwòrán nímfù mẹ́ta tí Hermes fa ọwọ́ wọn lẹ́nu ihò, tí Pan, òrìṣà ẹlẹ́sẹ̀ òbúkọ, jókòó sókè tó ń fọn fèrè, bá ìgbà tó súnmọ́ 350 ṣáájú ìbí Kristi mu dáadáa. Bí eré yín bá ṣẹlẹ̀ ṣáájú ogun Marathon tí Áténì bá Persia jà, lọ́dún 490 ṣáájú ìbí Kristi, ẹ yọ Pan kúrò. Herodotus òpìtàn ní ẹ̀yìn ogun yẹn ni Áténì tó yà ojúbọ sọ́tọ̀ fún un.

Ṣé òótọ́ ni pé nímfù máa ń mú èèyàn? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ifẹ̀)

Oríṣi méjì ni. Àkọ́kọ́ ni ti Hylas, ọmọkùnrin tó ń bá Heracles rìn, tó lọ pọn omi tí àwọn nímfù ìsun sì fà á wọlé. Ìkejì ni kí wọ́n gun èèyàn láyè. Socrates fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú Phaedrus tí Plato kọ: ó jókòó sábẹ́ igi plane kan létí odò Ilissos, ó rí àwọn ère kéékèèké tí wọ́n gbé síbẹ̀, ó ní kí Phaedrus má yà á lẹ́nu bí àwọn nímfù bá gbé òun níyè bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ.

Archedamos ò fi tirẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀. Ará erékùṣù Thera ni, ó wá gbé nítòsí Vari ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn. Ó kọ ọ́ sára ihò pé ẹni tí àwọn nímfù mú ni òun, àti pé àṣẹ wọn ni òun fi gbẹ́ ihò náà. Ó gbin ọgbà fún wọn. Ó sì gbẹ́ ara rẹ̀ sára ògiri, tòun ti irinṣẹ́ agbẹ́kùúta lọ́wọ́, iṣẹ́ ọ̀hún ò sì fi bẹ́ẹ̀ jọjú. Ẹ ò rí i pé kò sí wèrè nínú gbogbo èyí. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni.

Bí ẹnìkan bá gé igi nímfù ńkọ́?

Ìtàn Erysichthon ni ẹ ń wá, ṣùgbọ́n méjì ló wà, ẹ má pò wọ́n. Ti Callimachus, akéwì Gíríìkì: ó kó 20 ọkùnrin aláàáké wọ igbó Demeter láti wá igi tí yóò fi bo gbọ̀ngàn àsè rẹ̀. Igi pópúlà tí àwọn nímfù ti ń ṣeré lọ́sàn-án ni wọ́n kọ́kọ́ gé. Demeter gbé àwọ̀ Nikippe, ìyá olórìṣà rẹ̀, wọ̀, ó rọra bẹ̀ ẹ́. Erysichthon fi àáké halẹ̀ mọ́ ọn. Ebi ni Demeter fi jà. Ogún èèyàn ń se oúnjẹ, méjìlá ń bu wáìnì, kò yó. Ó jẹ màlúù tí ìyá rẹ̀ ń tọ́jú fún Hestia, ó jẹ ẹṣin eré ìje, ó jẹ ológbò ilé, ó sì parí sí oríta níbi tó ti ń tọrọ èérún. Ti Ovid, akéwì Róòmù: igi óákù ni, ẹ̀jẹ̀ tú jáde lójú àáké, nímfù tó wà nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó kú. Erysichthon ta ọmọ rẹ̀ obìnrin fún oúnjẹ, ó sì jẹ ẹran ara òun fúnra rẹ̀ gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń wá ikú nímfù, ti Ovid nìkan ló ní i.

Hóró pómégíránétì mélòó ni Persephone jẹ, oṣù mélòó ló sì ń lò nísàlẹ̀?

Ó kù sí ìwé tí ẹ kà. Ọmọ Demeter ni Persephone, Hades ọba ìlú òkú ló gbé e lọ sábẹ́ ilẹ̀. Nínú orin ìyìn Demeter, hóró kan ni, ìdá kan nínú mẹ́ta ọdún ló ń lò lọ́dọ̀ Hades. Nínú Metamorphoses, Ovid ní hóró 7; nínú Fasti, Ovid kan náà ní 3; nínú méjèèjì ó pín ọdún sí àbọ̀ àbọ̀. Mẹ́fà tó gbajúmọ̀ lóde òní kò sí nínú ọ̀kankan wọn.

Ẹ má sì fi òjò yìnyín ya àwòrán ìgbà tí Persephone kò sí nílé. Ní Gíríìsì, bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní October ni wọ́n ń gbin ọkà báálì, ó ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà òtútù, wọ́n ń kórè rẹ̀ ní May. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ilẹ̀ máa ń gbẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan fi ní àsìkò tí ọkà wà nínú àká abẹ́ ilẹ̀ ni Persephone wà nísàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin náà sọ pé ó ń padà dé pẹ̀lú òdòdó ìrúwé.

Calypso tó dá Odysseus dúró fún ọdún 7: nímfù ni àbí òrìṣà?

Méjèèjì. Homer pè é bẹ́ẹ̀ nínú ìlà kan ṣoṣo, ìlà 14 ní ìwé kìíní Odyssey. Ọmọ Atlas ni. Calypso tí ẹ rí láàárín àwọn ọmọ Okeanos nínú ìwé Hesiod, ọmọ bàbá mìíràn ni wọ́n pè é níbẹ̀, ẹ má fi ìtàn Odysseus lé e lórí.