TSH mi ga, kí ló dé tí wọ́n tún fún mi ní họ́mọ̀nù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Kubwa ni mo ń gbé, n kò tíì pé ogójì ọdún. Lóṣù kẹta, tí gbogbo ará ilé ń sùn síta nítorí ooru, súwẹ́tà ni èmi ń wọ̀. Ó ń rẹ̀ mí ṣáá, mo sì ń sanra láìjẹun púpọ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, TSH, họ́mọ̀nù kan nínú rẹ̀, jẹ́ 38, wọ́n bá fún mi ní levothyroxine, oògùn tó jẹ́ họ́mọ̀nù. Mo ń fi kókó àti awara lò ó láràárọ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì ara mi yá díẹ̀, mo dá a dúró, gbogbo rẹ̀ ti padà. Ṣé kì í ṣe oògùn tó máa fa TSH wálẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fún mi?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Oògùn tó ń fà á wálẹ̀ náà ni wọ́n fún yín.

Iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń rán sí òmíràn gba inú ẹ̀jẹ̀ là ń pè ní họ́mọ̀nù. Lábẹ́ ọpọlọ, ohun kékeré kan wà tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Òun ló ń fi TSH ránṣẹ́ sí táírọ́ọ̀dù, níwájú ọrùn, ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, pé kó ṣe họ́mọ̀nù tirẹ̀ jáde. Họ́mọ̀nù táírọ́ọ̀dù yìí ló ń sọ bí ara ṣe máa yára tó láti sọ oúnjẹ di agbára àti ooru. Ìdí nìyẹn tí òtútù fi ń mú yín nínú ooru Àbújá. Tí họ́mọ̀nù táírọ́ọ̀dù bá ti tó nínú ẹ̀jẹ̀, TSH á rọlẹ̀. Tí kò bá tó, ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ ń pe ọmọ lẹ́yìnkùlé tí kò dáhùn: ohùn yín á máa ga sí i. Nǹkan bí 0.4 sí 4 ni wọ́n sábà máa ń kà sí déédéé; 38 ti di igbe. Ọmọ tí kò lè jẹ́ ìpè mọ́ gan-an ni àìsàn yín, levothyroxine, tó jẹ́ họ́mọ̀nù táírọ́ọ̀dù, ló ń bá a jẹ́ ẹ.

Kì í wo táírọ́ọ̀dù sàn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń bá a ṣe. Bí ẹ bá sì dá a dúró, nǹkan bí ọjọ́ méje ni ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò lára, ẹ ò ní tètè fura. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí èyí tàn jẹ, ó máa ń dùn mí.

Awara yẹn ló wá ká mi lára jù. Sóyà tí wọ́n fi ń ṣe é kì í jẹ́ kí ìfun gba oògùn yìí dáadáa. Nunu àti kọfí náà ń dí i lọ́wọ́. Omi lásán ni kí ẹ fi lò ó bí ẹ bá ti jí, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí ẹ tó jẹun. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú àti kálísíọ̀mù, ẹ fi wákàtí mẹ́rin sí àárín wọn. Ẹ lè jẹ awara yín lọ́sàn-án.

Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má fi kún oògùn fúnra yín, torí bó bá pọ̀ jù, àyà á máa já, eegun á sì máa fúyẹ́. Wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Bí ẹ bá sì lóyún, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ tètè sọ fún dókítà: họ́mọ̀nù ìyá ni ọmọ inú ń lò ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n sì sábà máa ń fi kún oògùn náà.